Kí A Tó Yá Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlera: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìdánwò Ìgbìmọ̀

Owó ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí a máa ń torí rẹ̀ tọrọ ẹ̀yáwó, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni ó sì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, wolé-wolé tàbí òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí wọ́n ń pè ní CHEW. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni kí òfin gbà á láàyè láti fọwọ́ kan aláìsàn. Ìdánwò ìgbìmọ̀ ni ó wà láàrin méjèèjì.

Ìdánwò yìí kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé wolé-wolé ayé òyìnbó, tí ń yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tí ó bá àjàkálẹ̀ àrùn tí ó wọ Èkó ní 1924 jà, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ wọn sílẹ̀ ní Yaba. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé-ẹ̀rí wọn ti ń wá nígbà náà. Lónìí Nàìjíríà ni ó ń dán àwọn ọmọ rẹ̀ wò. Òfin 1979 so ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí di ọ̀kan; àwọn CHEW ní tiwọn nípasẹ̀ òfin 1992, àwọn wolé-wolé sì ní tiwọn ní 2002.

Ta ni kò mọ ilé-ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ní 1907, tí ó ti di ti Yunifásítì Bowen báyìí? Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ àti èyí tí ó kọ́ ọ ní Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn ń dáhùn níwájú ìgbìmọ̀. Òkìkí ilé-ẹ̀kọ́ kì í bá ọmọ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi ọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, òun náà ni ó sì ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè gbà lọ́dún. Bí ọmọ bá wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kí ìgbìmọ̀ fún un ní nọ́ńbà. Índẹ́ẹ̀sì ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹni tí kò ní índẹ́ẹ̀sì kò lè jókòó ìdánwò, bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó. Bí a bá sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó gba àádọ́ta, tí ó sì gba ọgọ́rin, ọgbọ̀n ọmọ ni yóò san owó bí àwọn tó kù, tí wọn yóò wọ aṣọ bí àwọn tó kù, tí ilẹ̀kùn yóò sì tì mọ́ wọn lójú lọ́dún tí ó kẹ́yìn. Baba ọmọ kò ní mọ̀, nítorí rìsíìtì ni wọ́n ń fi hàn án.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ dókítà aládàáni tún yàtọ̀. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń lò, bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ, wọn a sì ṣe fírídọ̀mù, wọn a se ìrẹsì, wọn a ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ funfun. Àwa kò bú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó lọ́wọ̀, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ wọn nínú ìwé ìgbìmọ̀, ijó fírídọ̀mù kò sì lè fi í síbẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ní kí ni ìyàtọ̀ náà já mọ́, ẹ wo aboyún oṣù mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ wú, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú u. Ẹni tí kò kọ́ ọ dójú àmì lè fún un ní oògùn orí fífọ́ kí ó ní kó lọ sùn. Ẹni tí ó yege yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, yóò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, yóò sì tètè fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn ńlá kí gìrì tó mú un. Àwọn CHEW ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Standing Orders, tí ó sọ ohun tí wọ́n lè tọ́jú àti èyí tí wọn kò gbọdọ̀ dá dúró lé lórí. Mímọ ibi tí agbára ẹni mọ wà lára ohun tí a ń dán wọn wò.

Nítorí náà, kí onídùúró tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí òbí béèrè ìwé tí ìgbìmọ̀ fi fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, àti iṣẹ́ wo gan-an ni ó fọwọ́ sí, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ lè ní àṣẹ fún CHEW kí ó má ní fún nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún kìíní, kí ó béèrè nọ́ńbà índẹ́ẹ̀sì ọmọ rẹ̀. Kí ó tún fi owó ìdánwò àti owó ìforúkọsílẹ̀ kún ìṣirò, nítorí wọn kì í sí nínú owó ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá yege tán, àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe títí ayé: ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe, lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, owó ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì san ìyẹn.