Bíárìn Kan, Orúkọ Márùn-ún

Ní Ara, nítòsí Ẹdẹ, bí ẹ̀gẹ́ bá ti kúrò lóko, ọwọ́ ẹ̀rọ ló bọ́ sí. Ẹ̀rọ ló ń rin ín, jáàkì ló ń fún un, pọ́ǹpù ló ń fa omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wọn ń wò lójú. Ká sọ pé ibùdó gàrí kan wà níbẹ̀ tó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, tí ẹni tó ni ín sì ti ra ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí bíárìn kan náà yóò fi ní orúkọ márùn-ún nínú rẹ̀: "bíárìn", "bíárìn ńlá", "bíárìn ẹ̀rọ kejì", "bíárìn China", "èyí tí a rà l'Óṣogbo". Nǹkan márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ka èyí sí. Yóò ní bíárìn ti tán, wọ́n á sì rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì.

Ètò náà kò ya òmùgọ̀. Ohun tí a bá kọ fún un ló ń kà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìwé iṣẹ́: ẹ̀rọ wo ló bàjẹ́, kí ló ṣe é, ta ló tún un ṣe, wákàtí mélòó ló gbà, kí ni wọ́n pààrọ̀. Àtijọ́, bébà ni ọ̀gá ń kọ ọ́ sí, á fi há ìṣó lára ògiri. Ohun tí kọ̀ǹpútà fi ju bébà lọ ni pé ó lè kó ẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, kó sì ka ohun tó jọra pọ̀. Bí a kò bá sì pín ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí ọ̀wọ́, kò sí ohun tó jọra tí yóò kà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí: ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ẹyọ kan. Irú nǹkan wo ni? Ojúkò wo ló wà? Ẹyọ wo gan-an ni? Ẹ wo agboolé. Ojúlé kẹta nínú agboolé jẹ́ ojúkò. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lónìí lè kó kúrò lọ́la, kí ẹlòmíràn sì wọlé, ojúlé kẹta ò ní torí ìyẹn di ẹ̀kejì. Bákan náà ni mọ́tò iná tí wọ́n tú kúrò lára ẹ̀rọ kejì tí wọ́n lọ dè mọ́ ẹ̀kẹta. Ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ, ìtàn ojúkò tó fi sílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Nínú ètò SAP tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, ojúkò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ sì ní tirẹ̀. "Bíárìn ẹ̀rọ kejì" ti da irú àti ojúkò pọ̀. "Èyí tí a rà l'Óṣogbo" kò tilẹ̀ sọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká mú bíárìn náà lọ́wọ́. Ẹ nù ún dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: 6205. Ẹ̀fà tó ṣíwájú ń sọ pé bíárìn oníbọ́ọ̀lù ni. Èjì ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ẹ sọ 05 tó kẹ́yìn di ìlọ́po márùn-ún, ó di 25, ìyẹn sì ni ìwọ̀n ihò àárín rẹ̀ ní mìlímítà. Láti 04 lọ sókè ni ìṣirò yìí ń bá a mu. Fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ 52, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 15. Irú èyí ló sábà máa ń wà nínú mọ́tò iná.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá wo bíárìn tó gbé ṣáàfù ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ró. UCP205 ni wọ́n kọ sí i. Òun náà gba ṣáàfù mìlímítà 25, fífẹ̀ òrùka ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ 52. Ṣùgbọ́n inú ilé irin ló ti wá, bóòtì ni wọ́n fi ń de ilé náà mọ́ férémù, òrùka inú rẹ̀ gùn ju ti 6205 lọ, ó sì ní súkúrù kéékèèké tó ń di ṣáàfù mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tún rí roboto kó lè fì díẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ "bíárìn 25" sílẹ̀, ìwọ̀n tó kọ tọ̀nà, síbẹ̀ èyí tí kò ní wọ̀ ni wọ́n lè gbé fún mẹkáníìkì. Ìdí nìyí tí irú fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwọ̀n. Bí a bá ti yan irú tán, ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè ohun tó yẹ: ihò mélòó, fífẹ̀ mélòó, ó ní rọ́bà létí àbí kò ní. Ó dá mi lójú pé ọjà àwọn oní-sípíà ní Ládípọ̀, l'Ékòó, kò lè rìn lọ́jọ́ kan láìsí irú nọ́ńbà báyìí. Òun ni ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà fi ń gbọ́ ara wọn yé.

Nígbà tí irú àti ojúkò bá ti dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó tí a fi ra ètò náà ń padà wálé. Bí UCP205 bá ń bàjẹ́ lára ẹ̀rọ kejì nìkan, ẹ má ṣe bá ẹni tó tà á jà. Ojúkò yẹn ni kí ẹ lọ wò: bẹ́líìtì lè le jù, ṣáàfù lè ti tẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ tó kan, tó sì máa ń jẹ irin, lè máa rí àyè wọlé. Bó bá ń bàjẹ́ lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ìgbà kan náà, ẹrù tí ẹ rà ni kí ẹ fura sí, tàbí gíríìsì. Ojú mẹkáníìkì lásán lè má rí èyí, nítorí ẹ̀rọ kan ló ń bá jà lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà yóò fi hàn yín bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ kojú ọ̀ràn yìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ American Trucking Associations gbé àtòjọ VMRS jáde ní 1970 kí gbogbo onítírélà lè máa pe ẹ̀yà ọkọ̀ kan náà ní nọ́ńbà kan náà: 013 ni bíréèkì, 042 ni ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, 045 ni ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e fún apá tó tóbi, mẹ́ta sí i fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣẹ́ epo rọ̀bì ní ISO 14224, tó ní ipele mẹ́sàn-án, láti orí iṣẹ́ lápapọ̀ títí dé ẹ̀yà tó kéré jù.

Mi ò gbà pé kí ibùdó gàrí lọ máa kọ ipele mẹ́sàn-án. Ilé omi Ẹdẹ, tó ń fa omi Odò Erinlẹ̀ lọ fún Òṣogbo àti àwọn ìlú àyíká, lè nílò ipele tó jìn, nítorí pọ́ǹpù ńlá ló wà níbẹ̀. Ní Ara, mẹ́rin tó: ibùdó, ẹ̀rọ, apá ara ẹ̀rọ, ẹ̀yà. Ohun tí a kì í tún ṣe, tí a kàn ń jù nù tí a sì ń pààrọ̀, ibẹ̀ ni kí ìpín náà parí sí. Ta ni yóò máa ka bọ́ọ̀lù inú bíárìn?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ fún láṣẹ láti dá ọ̀wọ́ tuntun sílẹ̀, kó sì jẹ́ ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ̀rọ rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic Ẹdẹ tó ń wá ibi tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́ lè bá a ka ohun tó wà nínú àpótí. Ẹ má yọ ọ̀wọ́ "Òmíràn" kúrò, torí mẹkáníìkì tí kò bá rí ibi tó yẹ yóò fi ohun tó mú lọ́wọ́ síbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà máa ṣí "Òmíràn" wò lóṣooṣù. Bí nǹkan kan bá ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó wá orúkọ tirẹ̀ fún un, kó sì padà lọ tún àwọn ìwé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ.