GBÍGBÓGUN TI AYÉDÈRÚ Ọ̀BẸ ÀPÒ: IṢẸ́ ẸNI TÍ Ó ṢE É ÀTI IṢẸ́ ẸNI TÍ Ó RÀ Á

1. ÌFÁÀRÀ

Ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà tí àwọn tí ń ṣe ọ̀bẹ àpò àti àwọn tí ń rà á lè gbà gbógun ti ayédèrú. Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí a lè ká ẹnu rẹ̀ wọ inú èèkù, kí a sì fi sí àpò. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún irú ìpàdé yìí. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ọ̀bẹ wà lára àwọn ọjà tí ìwà wọn pamọ́ fún ẹni tí ń rà wọ́n: bí a tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ojú kò lè sọ bí irin rẹ̀ ti le tó. Èkejì ni pé ó ti lé ní irínwó ọdún tí àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ń jà fún àmì ara ọ̀bẹ wọn. Àkọsílẹ̀ ìjà náà pọ̀ tó láti fi kọ́ ọgbọ́n nípa ayédèrú ọjà mìíràn.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àmì kì í dáàbò bo ara rẹ̀. Àmì dà bí májẹ̀mú: ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó dá a, ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e, àti ẹni tí ó lè fìyà jẹ ẹni tí ó bá dà á. A sì gbà pé ìṣẹ́gun tí ó dára jù lọ kò pin sí kí a lé ayédèrú kúrò lọ́jà. Ó wà nínú kí a mú ẹni tí ń ṣe é dé ibi tí yóò ti máa fi orúkọ ara rẹ̀ ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

2. ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Gbàrọgùdù ni ọjà tí kò dára, ṣùgbọ́n tí kò purọ́ nípa ẹni tí ó ṣe é. Àfarawé ni èyí tí a wo iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe, tí ó jọ ọ́ ní ìrísí, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ayédèrú ni èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn: ó gbé àmì rẹ̀ wọ̀, ó wọ inú páálí tí ó jọ tirẹ̀, a sì tà á bí ẹni pé ọwọ́ onítọ̀hún ni ó ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti gbé èrú sínú.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan tuntun, tí ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí, ní ogún ọdún tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fi ṣe irú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí ọdún náà bá ti pé, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í di ti gbogbo ayé bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí olórúkọ bá ń lò ó, tí ó sì ń sọ ìwé rẹ̀ dọ̀tun, tirẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe gbogbo àfarawé ní ayédèrú ti na òfin kọjá ibi tí ó dé. Ẹni tí ó bá sì pe ayédèrú ní àfarawé lásán ti bo olè láṣìírí.

3. OHUN TÍ Ó PAMỌ́ SÍNÚ IRIN

Ẹ jẹ́ kí a fi oríṣi irin méjì ṣe àpẹẹrẹ. Irin tí a ń pè ní S30V jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2001. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá rẹ̀, nǹkan bí 1.45 jẹ́ kábọ́ọ̀nù, 14 jẹ́ chromium, 4 jẹ́ vanadium, 2 sì jẹ́ molybdenum. Vanadium yìí ni ó ń para pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù láti di hóró wínníwínní tí ó le gan-an, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnu ọ̀bẹ tètè kú. Irin kejì ni 8Cr13MoV ti ilẹ̀ Ṣáínà. Chromium rẹ̀ tó nǹkan bí 13, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 0.8, ṣùgbọ́n vanadium inú rẹ̀ kò tó ìlàjì ìdá kan.

Kì í ṣe pé irin kejì yìí burú. Ilé iṣẹ́ Spyderco ti Amẹ́ríkà ti fi ṣe ọ̀bẹ wọn tí ń jẹ́ Tenacious, wọn kò sì fi orúkọ irin náà pamọ́. Èrú wọ ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá tẹ S30V sí ara ohun tí kì í ṣe S30V. Ọ̀bẹ méjèèjì yóò dán, méjèèjì yóò sì gé ìwé fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti lò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni ìyàtọ̀ yóò tó hàn, nígbà tí owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á.

Ewu tí ó ju ti owó lọ wà nínú ohun tí ń de ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àpò ní irin pẹlẹbẹ kan tí ń ti ẹnu ọ̀bẹ lẹ́yìn kí ó má baà padé nígbà tí a bá ń lò ó. Bí irin yìí bá rọ̀ jù, tàbí tí kò bá jókòó dáradára, ẹnu ọ̀bẹ lè padé mọ́ ìka ẹni tí ó dì í mú. Ẹni tí ó ra ayédèrú lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún fi ìka san án lẹ́ẹ̀kejì.

4. Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌTÀN

Ní 1565, Charles IX, ọba ilẹ̀ Faransé, pàṣẹ pé kí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan máa fi àmì tirẹ̀ sí ara iṣẹ́ rẹ̀. Àṣà yìí ni Joseph Opinel tẹ̀lé ní 1909 nígbà tí ó yan àwòrán ọwọ́ tí ó dé adé, èyí tí ó wà lára ọ̀bẹ Opinel títí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1624 ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ Hallamshire sílẹ̀ ní Sheffield. Ẹgbẹ́ yìí ni ó ń kọ àmì oníkálukú sílẹ̀ nínú ìwé, kí ẹnìkan má baà lo ti ẹnìkejì.

Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkìkí Sheffield ti kàn jákèjádò ayé. Ní Solingen, ìlú kan ní Jámánì tí a ti ń rọ idà àti ọ̀bẹ láti ayé àtijọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ Sheffield sí ara ọ̀bẹ tí kò tó ti Sheffield. Ọmọ Jámánì kan, Franz Reuleaux, tí ó lọ wo ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Philadelphia ní 1876, kọ̀wé sílé láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ọjà ilẹ̀ wọn kò wọ́n, kò sì dára. Ní 1887, lẹ́yìn tí àwọn ará Sheffield ti ké títí, àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí àmì ara ọjà: ọjà òkèèrè tí ó bá gbé orúkọ tàbí àmì tí ó jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí a ti ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ náà, Made in Germany, ṣe di ohun tí ayé mọ̀ nìyẹn.

Àbùkù ni wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, ṣùgbọ́n ó yí padà di oyè. Nígbà tí àwọn ará Jámánì kò rí orúkọ ẹlòmíràn fara pamọ́ sí mọ́, wọ́n ní láti tún orúkọ tiwọn ṣe. A kò sọ pé òfin nìkan ni ó fa èyí, nítorí pé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àti ẹ̀rọ ìgbàlódé kópa tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí òfin ṣe ni pé ó ti ilẹ̀kùn èrú. Nígbà tí yóò fi di 1896, Ernest Edwin Williams ti fi Made in Germany ṣe àkọlé ìwé kan tí ó fi ké gbàjarè pé ọjà Jámánì ti gba ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan. Kò pẹ́ tí orúkọ Solingen náà fi di ohun tí à ń jí. Ní 1938, Jámánì ṣe òfin láti dáàbò bò ó, a sì ṣe òmíràn ní 1994 tí ó sọ pé gbogbo ìpele tí ó ṣe kókó nínú iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wáyé ní agbègbè Solingen kí ọ̀bẹ tó lè jẹ́ orúkọ náà.

Òdìkejì èyí ni ọ̀rọ̀ abúlé Laguiole ní ilẹ̀ Faransé. Abúlé náà ni ó bí irú ọ̀bẹ àpò kan tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n kò fi òfin de orúkọ rẹ̀. Ní 1993, ọkùnrin kan tí kì í ṣe ará ibẹ̀ gba orúkọ Laguiole sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò fún oríṣiríṣi ọjà. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, nígbà tí abúlé náà pàdánù nílé ẹjọ́, àwọn ará ibẹ̀ yọ pátákó orúkọ ìlú wọn kúrò láti fi ẹ̀dùn ọkàn hàn. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Paris tó fagi lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì náà. Ọ̀rọ̀ tí ìwé kan ì bá ti parí ní ìbẹ̀rẹ̀ gbà wọ́n ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Àwa náà kò jìnnà sí ìtàn yìí. Ìjọba amúnisìn gbé irú òfin 1887 wọ Nàìjíríà ní 1916, a sì ní Òfin Àmì Òwò tiwa ti ọdún 1965.

5. IṢẸ́ ÀWỌN TÍ Ń ṢE Ọ̀BẸ

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi orúkọ àti àmì wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tajà, kí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1995 tí àdéhùn òwò àgbáyé lórí ohun-ìní ọgbọ́n orí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀nà tí olórúkọ fi lè bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn aṣọ́bodè dá ayédèrú dúró ní ẹnu ibodè. Ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kò lè mọ ohun tí a kò fi hàn án. Ẹni tí ó ni ọjà ni yóò fún un ní àpèjúwe.

Èkejì ni kí wọ́n fi òtítọ́ sí ibi tí oníbàárà lè gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kéde ìwọ̀n ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, gígùn rẹ̀, irin rẹ̀, àti orúkọ àwọn alágbàtà tí wọ́n fún láṣẹ. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara ọ̀bẹ dára, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ bá lè tẹ̀, ọwọ́ mìíràn lè tẹ̀ ẹ́: nọ́ńbà kan ṣoṣo lè wà lára ẹgbẹ̀rún ayédèrú. Kò wúlò àfi bí ẹni tí ó rà á bá lè bi ilé iṣẹ́ léèrè, kí a sì dá a lóhùn.

Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n má fi ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sílẹ̀ fún oníjìbìtì. Ọ̀bẹ byrd tí Spyderco ń jẹ́ kí a ṣe ní Ṣáínà jẹ́ irú ọ̀nà àbáyọ bẹ́ẹ̀: ó rọjú ju ti àgbà lọ, ó sì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀.

6. IṢẸ́ ÀWỌN TÍ Ń RA Ọ̀BẸ

Oríṣi méjì ni àwọn tí ayédèrú ń dé ọwọ́ wọn, òògùn wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí a tàn jẹ. Ohun tí ó nílò ni ìmọ̀. Kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí ń tà á ju ọjà lọ. Kí ó fi òṣùwọ̀n wọn ọ̀bẹ náà, kí ó sì fi iye rẹ̀ wé èyí tí ilé iṣẹ́ kéde. Bí a bá sọ pé titanium ni èèkù rẹ̀, kí ó fi òòfà kàn án níbi tí kò sí ìdè. Òòfà kì í fa titanium. Bí ọjà bá pọ̀, bí ti àwọn alágbàtà ńlá, ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán X yẹ irin wò lè sọ bóyá vanadium tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kò tó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àmì kan ṣoṣo dájọ́, nítorí pé ayédèrú tòní a máa tún àṣìṣe tàná ṣe.

Ẹnìkejì ni ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ rà á. Ìmọ̀ kọ́ ni òògùn tirẹ̀, nítorí pé ó ti mọ̀. Òun ni àwọn àgbà bá wí nígbà tí wọ́n sọ pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Yóò ní òun kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa pẹ́ ju ìfẹ́ tí a fi rà á lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá sú u, yóò tà á tàbí kí ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ẹni tí ó gbà á yóò sì di ẹni àkọ́kọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá rí i pé ayédèrú ni ohun tí a rà, kí a dá a padà, kí a fi tó ilé iṣẹ́ létí, kí a má sì tà á síwájú, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ láti fi gba owó wa padà.

7. ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ìtàn Solingen ti ń tún ara rẹ̀ ṣe lójú wa. Yangjiang, ní ẹkùn Guangdong ní Ṣáínà, jẹ́ ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn fún ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ojú ayédèrú wo gbogbo ọ̀bẹ àpò tí ó bá ti Ṣáínà wá, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ bí WE Knife, Kizer àti Reate ti ń fi orúkọ ara wọn ta ọ̀bẹ ní ilẹ̀ náà, àwọn tí ó mọ ọ̀bẹ sì ń fi ayọ̀ rà á. Ẹni tí ó ní orúkọ tirẹ̀ ní ohun tí yóò pàdánù. Òun náà yóò di ọ̀tá ayédèrú.

Nítorí náà, kí òfin máa fìyà jẹ ẹni tí ó jí orúkọ, ṣùgbọ́n kí ó má ti ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí ilé iṣẹ́ máa sọ òtítọ́ tí a lè yẹ̀ wò, kí oníbàárà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ọ̀bẹ lè tẹ àmì sí i. Ẹni tí ó rà á ni yóò sọ bóyá àmì náà yóò níyì.