Oyè Bíṣọ́ọ̀bù àti Àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù: Ìtàn Ipò Kan nínú Ìjọ Áńgílíkà Ilẹ̀ Yorùbá, 1864 sí 1952

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ̀ pé Samuel Àjàyí Crowther ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Ìbéèrè tí a kì í sábà bi wọ́n ni pé: bíṣọ́ọ̀bù ibo ni? Àfojúsùn àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ipò bíṣọ́ọ̀bù jẹ́, kí a sì fi hàn pé oyè ọ̀tọ̀, àṣẹ ọ̀tọ̀, nínú ìtàn ipò náà láàrin wa.

Ohun tí ipò náà jẹ́

Ipele mẹ́ta ni iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run pín sí nínú ìjọ Áńgílíkà: díákónì, àlùfáà àti bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè fi ènìyàn jẹ díákónì tàbí àlùfáà. Òun náà ló ń gbé ọwọ́ lé orí àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi. Ẹnì kan kì í dá fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ. Láti ìgbà ìpàdé Nicaea ní 325 ni òfin ti là á sílẹ̀ pé ó kéré tán, bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni yóò péjọ ṣe é.

Ìyàsímímọ́ nìyẹn. Dáyósíìsì, àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó ni dáyósíìsì ló ń pín àlùfáà sí ìjọ, tó ń gbé wọn kúrò, tó sì ń darí sínọ́ọ̀dù. Bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ lè ṣe gbogbo iṣẹ́ ìsìn tí ẹni yìí ń ṣe, ṣùgbọ́n abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ló wà.

Láti ọ̀dọ̀ Crowther sí Olúwọlé

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864, wọ́n ya Crowther sí mímọ́ ní Canterbury. Ọmọ Òṣoògùn ni, Yorùbá sì ni èdè abínibí rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò fi Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sí abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Sàró ni wọ́n wà. Henry Townsend àti àwọn míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun mìíràn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ ọ̀gá wọn. Agbègbè odò Ọya ni iṣẹ́ Crowther wà jù lọ. Níbẹ̀ pàápàá, ní 1890, ìgbìmọ̀ CMS ní Oníṣà dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú ara rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, 1891.

Òyìnbó, Joseph Sidney Hill, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1893, wọ́n fi Isaac Olúwọlé, ọ̀gá ilé-ìwé girama CMS ní Èkó, àti Charles Phillips tó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni àwọn méjèèjì. Hill kú ní oṣù kìíní, 1894, láìpẹ́ tó dé Èkó. Olúwọlé wà ńlẹ̀, Phillips wà ńlẹ̀. Òyìnbó mìíràn, Herbert Tugwell, ni wọ́n gbé ipò náà fún. Àwọn àgbà ní a fini joyè àwòdì, a ò lè gbé adìẹ. Ti àwọn wọ̀nyí yàtọ̀: wọ́n fi wọ́n joyè àwòdì tán, wọ́n wá ní wọn kò gbọdọ̀ gbé adìẹ.

Àwọn ọmọ ìjọ mọ ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí James Johnson di bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ fún Niger Delta ní 1900, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàrin Tugwell àti àwọn ọmọ ìjọ St Paul's, Breadfruit, ní Èkó, lórí bí wọ́n ṣe mú Johnson kúrò. Ní 1901, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀.

Ọdún 1952

A. B. Akínyẹlé, ẹni tó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, di bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní 1933. Ní 1952 ló tó di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún dáyósíìsì Ìbàdàn, ọdún kan lẹ́yìn tí West Africa di ẹkùn tó dá dúró. Láti ikú Crowther títí di ìgbà náà, ó lé ní 60 ọdún.

Ohun tó kan olùkọ́ni

Bí a bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní "ẹni àkọ́kọ́" nìkan, wọn yóò rò pé ọdún 1864 ni ọ̀rọ̀ náà parí. Ó yẹ kí àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ lè béèrè ohun mẹ́ta nípa ipò kípò: Ta ló fi í jẹ ẹ́? Ibo ni àṣẹ rẹ̀ dé? Ta ló lè yí ìpinnu rẹ̀ padà? Kí wọ́n ya máàpù, kí wọ́n fi àmì sí ibi tí Crowther ní àṣẹ dé àti ibi tí kò dé. 

Àgbálọgbábọ̀

Crowther, Olúwọlé àti Akínyẹlé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ kí wọ́n tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ìyìn wọn kò dínkù bí a bá sọ ohun tí wọ́n fi dù wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láìní àṣẹ kíkún ni yóò túbọ̀ hàn sí ọmọ tí a ń kọ́.