Kámẹ́rà Tuntun fún Ìdílé: Ohun Tó Yẹ Kí Olùrà Mọ̀ Kó Tó Wọ Ọjà Àlàbá

Bí òde ìnáwó bá ti ku oṣù kan ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáikò, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìbí ìyá àgbà, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, tàbí ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ọmọ tó ń jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kì í pẹ́ẹ́ délẹ̀ nínú ilé. Fóònù tó ti ń ya gbogbo ẹbí láti bí ọdún mẹ́rin ti ń ya ojú ènìyàn lálẹ́ bí ẹni tó wà nínú èéfín. Àwọn ọmọ sì ti rí irú fídíò tó máa ń rìn jẹ́jẹ́, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní slow motion, níbi tí etí gèlè ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tí omi sì ń já bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń kówó jọ nìyẹn, tí ẹnìkan yóò sì wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Àlàbá.

Ọjà Àlàbá tó wà ní Ọ̀jọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹ̀rọ tó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kámẹ́rà tuntun wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó jẹ́ pé páálí rẹ̀ nìkan ló jẹ́ tuntun náà wà níbẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wá, iye tí náírà bá sì jẹ́ sí dọ́là ló ń sọ iye tí wọn yóò tà wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa sọ, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Láti ìgbà náà ló ti kọjá 1,000 náírà. Ẹni tó bá ṣi kámẹ́rà rà lásìkò yìí, owó ilé ìwé ọmọ ló fi ṣeré. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olùrà mọ ohun tó ń wá kó tó kúrò nílé.

Fídíò kò ju ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Fídíò lásán máa ń ní àwòrán 25 tàbí 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá ya àwòrán 120 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n sì wá ń fi í hàn ní 30, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba mẹ́rin kó tó parí. Bó bá jẹ́ 240 ló yà, yóò gba mẹ́jọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ohun tí fídíò jẹ́jẹ́ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. August Musger, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Austria, ló gbé e jáde ní ọdún 1904. Ní ọdún 2013 ni iPhone 5s ti ń ya 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó sì di ọdún 2014, iPhone 6 ń ya 240. Nítorí náà, ẹni tó bá ní fóònù tó dáa lọ́wọ́ lè ti ní ohun tó fẹ́ lọ rà.

Kí ló wá ń fa á tí fídíò jẹ́jẹ́ tí wọ́n yà nínú pálọ̀ fi máa ń dúdú, tó sì máa ń ṣe hóró-hóró? Ìmọ́lẹ̀ ni. Bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú rẹ̀ kò lè là fún ìkọ̀ọ̀kan wọn ju ìdá kan nínú 120 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí yóò wọlé yóò wá kéré sí ìdámẹ́rin èyí tó ń wọlé nígbà tó ń ya 30 lásán. Nínú oòrùn ọ̀sán, lórí pápá LASU, kò sí wàhálà. Lálẹ́, nínú gbọ̀ngàn tí gílóòbù mẹ́ta péré wà, ìṣòro dé.

Ohun tó ń yanjú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ńlá tí wọ́n kọ sára kámẹ́rà. Bí awo kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni, àti bí ojú lẹ́ǹsì ṣe lè là tó. Awo inú ọ̀pọ̀ fóònù kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 4 lọ. Awo inú kámẹ́rà tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ǹsì, èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, tó mìlímítà 23.5 sí 15.6. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tóbi jù ú lọ. Ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé ọpọ́n àti ife síta fún òjò: òjò kan náà ló rọ̀ sí méjèèjì, ṣùgbọ́n omi wọn kò lè dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í sọ. Iná tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń mú kí ọ̀pọ̀ gílóòbù máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú ènìyàn kì í rí i, ṣùgbọ́n ojú kámẹ́rà tó ń ya 120 ń rí i, nítorí pé iye méjèèjì kò bára mu. Nígbà tí wọ́n bá wá wo fídíò náà, gbogbo ògiri yóò máa ṣẹ́jú wìrìwìrì bí àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ẹ́ tán. Ohun tó yẹ ni kí olùrà wo inú ètò kámẹ́rà náà, kó sì yí i sí PAL, níbi tí yóò ti máa ya 25, 50 tàbí 100. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà tàbí Japan sábà máa ń wà lórí NTSC, tí iye tirẹ̀ jẹ́ 30, 60 àti 120. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣeé yí padà, àwọn kan kò sì ṣeé yí, orí káńtà ni ó sì yẹ kí olùrà ti mọ èyí. Iná jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kì í dúró lójú kan ṣì lè da fídíò náà rú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán ló sàn jù.

Ohùn ni ọ̀rọ̀ tó tún kàn, òun ló sì máa ń dun ìdílé jù nígbà tí ọdún bá ti gorí ọdún. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í gba ohùn rárá nígbà tó bá ń ya fídíò jẹ́jẹ́. Fóònù tó ń gbà á pàápàá, ohùn náà yóò falẹ̀ bí ti ẹni tó ń ti ojú oorun sọ̀rọ̀. Bí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, tàbí tó ń wúre fún ìyàwó tuntun, tí ẹnìkan sì fi slow motion ya gbogbo rẹ̀, ètè tó ń mì nìkan ni wọn yóò rí lọ́jọ́ iwájú. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ohùn náà padà. Kí wọ́n fi fídíò lásán gba ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà, kí wọ́n sì fi jẹ́jẹ́ ya ijó rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. Iyọ̀ ni fídíò jẹ́jẹ́. Kì í ṣe òun ni ọbẹ̀.

Ohun tí ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ pariwo ni megapixel. Kí olùrà má jẹ́ kí èyí gbé òun lọ. Àwòrán megapixel 12 ní hóró 4,000 sí 3,000, ó sì tó láti tẹ fọ́tò tó gùn tó ínǹṣì 13, tó sì fẹ̀ tó 10, kó sì dán bó ṣe yẹ. Fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó bèèrè ni bí kámẹ́rà náà ṣe ń ya aláwọ̀ dúdú tó wọ léèsì funfun. Ẹ̀rọ tó bá rí aṣọ funfun púpọ̀ á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù, ojú onítọ̀hún á wá dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Kámẹ́rà tó jẹ́ kó rọrùn láti tọ́ka sí ojú ènìyàn, kí a sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ló wúlò fún òde Yorùbá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú olùrà. Èkíní ni kó dúró sórí fóònù rẹ̀, kó nu gíláàsì ojú rẹ̀ dáadáa, kó sì ra iná kékeré àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí ọ̀sán ló sábà máa ń ya àwòrán kò nílò ju èyí lọ. Èkejì ni kámẹ́rà onídígí tòkunbọ̀, ìyẹn DSLR, pẹ̀lú lẹ́ǹsì mìlímítà 50 tí ojú rẹ̀ là dé f/1.8. Ó dára gan-an fún fọ́tò ojú ènìyàn, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju tuntun lọ, ṣùgbọ́n fídíò rẹ̀ lè jáni kulẹ̀. Canon EOS 2000D tó jáde ní ọdún 2018, fún àpẹẹrẹ, kì í kọjá 30 ní Full HD. Tó bá máa ya 60, àfi kó dín títóbi àwòrán kù. Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, bíi Sony ZV-E10 ti ọdún 2021 tàbí Canon EOS R50 ti ọdún 2023. Àwọn méjèèjì ń ya 120 ní Full HD. Ẹni tó fẹ́ fọ́tò àti fídíò jẹ́jẹ́ pọ̀, tí agbára rẹ̀ sì ká a, ọ̀nà yìí ni tirẹ̀.

Bí olùrà bá dé orí káńtà, kó má kánjú. Kó mú mẹ́mọ̀rì káàdì tirẹ̀ lọ, nítorí pé káàdì ayédèrú pọ̀ níta, èyí tí wọ́n kọ 128 sí lára tí kò sì ju 8 lọ nínú. Kó ní kí wọ́n tú omi inú ọ̀rá sínú ife, kó yà á ní jẹ́jẹ́ lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, kó sì wò ó níbẹ̀ bóyá ó ń ṣẹ́jú. Kó wo èdè inú rẹ̀: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Sony tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan kò ní èdè mìíràn ju ti ibẹ̀ lọ, kò sì ṣeé yí. Kó gbé lẹ́ǹsì sí iwájú ìmọ́lẹ̀, kó wò ó bóyá ó ti bu, nítorí pé bíbu náà máa ń dà bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì. Bó bá jẹ́ DSLR, kó bèèrè iye ìgbà tí wọ́n ti fi ya àwòrán, nítorí pé ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ ń gbó bí táyà mọ́tò. Kó fi nọ́ńbà ara kámẹ́rà wé ti ara páálí. Lẹ́yìn náà ni kó gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí, àti iye ọjọ́ tó lè fi dá a padà.

Owó ìyókù, kó má fi gbogbo rẹ̀ ra kámẹ́rà tán. Lẹ́ǹsì tó dáa, bátìrì kejì àti ibi tí wọn yóò tọ́jú àwòrán sí ṣe pàtàkì bákan náà. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà kì í jẹ́ kí gíláàsì pẹ́ ní Ọ̀jọ́. Inú ike tó dé pinpin, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi, ló yẹ kó máa gbé. Àwòrán tó bá sì wà ní ibì kan ṣoṣo ti fẹ́ẹ́ sọnù ná: kí wọ́n dà á sí ibi méjì, kí wọ́n sì tẹ mélòó kan sórí ìwé.

Lọ́dún mélòó kan sí i, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè orúkọ kámẹ́rà tí wọ́n fi ya ìyá àgbà. Ojú rẹ̀ ni wọn yóò fẹ́ rí kedere, ohùn rẹ̀ ni wọn yóò fẹ́ gbọ́. Kámẹ́rà tó bá lè tọ́jú méjèèjì, láìjẹ́ pé ilé jẹ gbèsè, ni kí olùrà gbé kúrò ní Àlàbá.