Ewúrẹ́ Aboyún Kò Gbọdọ̀ Jẹ Èèpo Ẹ̀gẹ́ Nìkan

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra ewúrẹ́ sìn. Bí ewúrẹ́ bá bí ìbejì tí méjèèjì yè, owó ẹ̀yáwó á rọrùn láti san. Bí wọ́n bá kú, gbèsè ò ní torí ìyẹn parẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ní ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ ewúrẹ́ aboyún lóṣù yìí.

Bí oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ inú rẹ̀ kéré. Oṣù méjì tó kẹ́yìn ló ń kó bí ìdá 70 nínú 100 ìwọ̀n tí a ó bí i sára. Purotéènì, èròjà amáradàgbà, ni a fi ń mọ ẹran ara ọmọ àti ibi ọmọ. Òun náà ló wà nínú wàrà. Bí ìyá kò bá rí i jẹ tó, ara tirẹ̀ ni yóò máa yọ fún ọmọ. Yóò rù, ọmọ á kéré, wàrà á sì dínkù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ọmọ ènìyàn máa ń gba ọmọ ogun ara tó ń bá àìsàn jà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ti ewúrẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀: inú wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ki, ló ti ń rí i, purotéènì sì ni òun náà. Ẹ rí i pé ọmọ mu ún láàárín wákàtí díẹ̀ tí a bí i. Bó bá pẹ́ jù, ìfun rẹ̀ ò ní lè gbà á mọ́.

Èèpo ẹ̀gẹ́ dára, agbára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa nítorí májèlé, kí ẹ sì fi nǹkan kún un. Èèpo ẹ̀wà ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn alákàrà wa, èérí sóyà ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wàrà sóyà. Ewé agúnmániyè ò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Bó bá gbẹ, purotéènì inú rẹ̀ lé ní ìdá 20 nínú 100. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILCA ní Ìbàdàn gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti gbìn ín sáàárín ohun ọ̀gbìn, kí wọ́n máa gé e fún ẹran. Ẹ jẹ́ kó rọ díẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún wọn, torí òórùn rẹ̀ kì í wù wọ́n ní tútù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da èèpo ẹ̀wà nù, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọlọ́sìn inú ẹgbẹ́ léèrè. Owó wa á máa yí láàárín ara wa.