Ohun Tí À Ń Rí Lójoojúmọ́ La Kì Í Ya Fọ́tò Rẹ̀

Lónìí, kámẹ́rà inú fóònù yín ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bí mo bá ní kí ẹ ṣí ibi tí fọ́tò yín wà báyìí, kí ló máa pọ̀ jù níbẹ̀? Sélfì, òde ìgbéyàwó, àti àwòrán ẹ̀rín tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò burú. Ṣùgbọ́n fọ́tò mélòó lẹ ní nípa ibùdókọ̀ tí ẹ ti ń wọ dánfó láràárọ̀? Ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta àdúgbò yín ńkọ́? A kì í yà wọ́n, torí a rò pé wọn ò ní kúrò níbẹ̀ láéláé.

Wọ́n máa ń kúrò. Ẹ wo mọ́lúè. Àwọn òbí wa ló lè sọ bí èèyàn ṣe ń fò wọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì ń rìn. Bar Beach náà ńkọ́? Etíkun tí àwọn ará Èkó ti ń ṣe fàájì, tí àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kó iyanrìn sínú òkun láti kọ́ Eko Atlantic. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ nígbà náà, fọ́tò nìkan ló lè fi mọ bó ṣe rí.

Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó yà á. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford lọ́dún 1946, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fẹsẹ̀ rin ìgboro Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ya Bar Beach àti àwọn tó ń lọ síbẹ̀. Sea Never Dry ló pe àwọn fọ́tò náà. J.D. 'Okhai Ojeikere, tó kú lọ́dún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin wa lọ́dún 1968. Ẹ̀yìn orí ló ń yà lọ́pọ̀ ìgbà, kí èèyàn lè rí ọwọ́ onídìrí. Irun tí wọ́n ń dì lọ sọ́jà ni nígbà náà. Lónìí, àwọn ilé ọnà ńlá ló ń pa àwọn fọ́tò yẹn mọ́.

Ibi tó le wá nìyí: èèyàn ló wà nínú fọ́tò ìgboro. Bí ẹ bá gbé fóònù sókè lọ́jà, ẹ máa gbọ́ ariwo: "Ta ló ní kó o yà mí?" Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnì kan lè ya alábàárù tó sùn sórí bárò rẹ̀, kó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ọmọ ọkùnrin náà rí i. Ẹni tó yà á ti gbàgbé. Ẹni tí wọ́n yà ló ń gbé ìtìjú náà kiri.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kí wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya fọ́tò yín bí ẹ ṣe ń dín àkàrà." Wọ́n máa bi yín: "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ ra àkàrà, ẹ máa lọ. Àwọn kan ní bí a bá tọrọ àyè, èèyàn á gan, á máa rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Òótọ́ ni, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má tètè kúrò. Epo ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Láìpẹ́, màmá á padà sídìí àkàrà wọn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yà á, kí ẹ sì fi hàn wọ́n.

Ní Balógun tàbí Òṣòdì, ẹ ò lè tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo èrò. Ẹ ya ọwọ́, ẹ̀yìn, ẹrù orí. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ bi òbí rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ìjàǹbá, ẹ ràn án lọ́wọ́, ẹ má yà á. Ẹ má sì na fóònù síta láti fèrèsé ọkọ̀ nínú gosiló. Ẹ mọ àwọn ọlọ́wọ́ kíákíá.

Ní ti iṣẹ́ fọ́tò gan-an, ẹ nu ojú kámẹ́rà yín. Oòrùn ọ̀sán máa ń fi òjìji dúdú sójú èèyàn, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ wá abẹ́ agboòrùn ọlọ́jà. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà lórí fóònù, kó lè mọ́lẹ̀ dáadáa. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, kì í jẹ́ kó mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, torí náà ẹ tọ́jú èyí tí ẹ yà gan-an sórí Google Photos tàbí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ sì kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Láìsí ìyẹn, àlọ́ ni yóò dà lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ mú ibì kan tí ẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹ ya mẹ́ta péré: gbogbo àyíká, ọwọ́ ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, àti ohun kan tí ẹ rò pé kò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.