Òkúta Inú Kíndìnrín: A Lè Fọ́ Ọ Láìlo Ọ̀bẹ

Ìrora kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìdímù ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí: á bẹ̀rẹ̀ lójijì láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, á sọ̀kalẹ̀ wá sí abẹ́ ikùn, ènìyàn á máa bì, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà nínú ìtọ̀. Ibi tí a ti ń mu àgbo sí i, ó lè jẹ́ òkúta ló wà níbẹ̀, tó ń ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1980, nígbà tí Dókítà Christian Chaussy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn ní Munich, ilẹ̀ Jámánì, ni ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta láti òde ara ti wà. Wọn á fi skáànù tàbí X-ray wá ibi tí òkúta wà. Ẹ̀rọ náà á wá máa rán ìgbì alágbára gba awọ ara kọjá, gbogbo rẹ̀ á sì pàdé lórí òkúta náà. Òkúta á rún, a ó sì máa tọ̀ ọ́ jáde láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kì í ṣe gbogbo òkúta ló wà fún. Èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sábà máa ń fẹ́ ọ̀nà mìíràn. A kì í lò ó fún aláboyún tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Ó sì lè gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgandó, kí wọ́n lè darí yín sí dókítà ọ̀nà ìtọ̀. Bí ibà bá bá ìrora náà dé, tàbí ìtọ̀ kò wá mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú.

A mọ̀ pé ọlọ́kadà, awakọ̀ àti àwọn ìyá ọlọ́jà Ìkòtún kì í fẹ́ mu omi, nítorí kò sí ibi tí wọn ó ti tọ̀. Àìmu omi yìí ló ń mú kí ìtọ̀ ki, tí ohun inú rẹ̀ fi ń dì di òkúta. Ẹ mu omi títí ìtọ̀ yóò fi mọ́. Nínú Rámádánì, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù.

Ẹ̀yin aláṣẹ mọ́ṣáláṣí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ilé ìtọ̀ yín sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́jà àdúgbò. Sàárà ni. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà. Àmín.